Gáàsì Inú Ẹ̀rọ Amúlétutù: Kí Ni Wọ́n Ń Yí Padà, Kí Sì Ni Ó Kàn Wá Níbẹ̀?

  

Nígbà kan rí, ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní A.C., kò sí níbòmíràn ju ilé ìjọba, báńkì àti ilé olówó lọ. Lónìí, bí a bá rìn láti Tankẹ dé Basin níhìn-ín, a ó rí i lára ilé olùkọ́, lára ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, àti lára ògiri mọ́sálásí. Ooru Ìlọrin láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin ọdún kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán sọ. Ó máa ń kọjá dígírì 35 lọ́sàn-án. Nítorí náà, n kò wá bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ra ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni gáàsì tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà lónìí yóò rí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ R-22 sí lára, yóò rí R-410A, yóò sì rí R-32. Bí ó bá bi ọlọ́jà léèrè ìyàtọ̀ wọn, èsì tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Alhaji, gbogbo wọn ni ó ń tutù." Òótọ́ ni, gbogbo wọn ni ó ń tutù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lára wọn tí ayé ti ń lé jáde lọ́jà, òmíràn wà tí yóò tẹ̀ lé e, òmíràn sì wà tí ó lè dáná sunlé bí òpè bá fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó ń fi owó ara rẹ̀ rà á gbọ́dọ̀ mọ èyí. Ẹni tí ó ń fi owó sàdáákà jámọ́ọ̀ rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

1. Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń mú ilé tutù?

Ẹni tí ó bá ṣe àlùwàlá ní ìdájí ìgbà ọyẹ́ mọ̀ pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ lu ojú àti apá tí ó ṣì tutù, òtútù yóò mú un ju bí omi náà ti tutù lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé kí omi tó lè gbẹ, kí ó di afẹ́fẹ́, ooru ni ó gbọ́dọ̀ gbà lára ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àmù tí àwọn ìyá wa ń mọ ní Dada, ní Òkèlele. Omi ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀ náà, ó ń gbẹ, ó sì ń kó ooru inú àmù lọ. Ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù láìsí iná mànàmáná.

Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n dípò omi, gáàsì kan ni wọ́n fi sínú páìpù bàbà tí wọ́n dí pa. Gáàsì yìí rọrùn láti sọ di omi, ó sì rọrùn láti tún sọ di afẹ́fẹ́. Ní apá inú ilé, ó wà gẹ́gẹ́ bí omi, ó ń hó, ó ń di afẹ́fẹ́, ó sì ń gba ooru inú yàrá bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò gba inú páìpù lọ sí apá ìta, níbi tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti ń fún un mọ́ra pẹ̀lú agbára. Yóò gbóná, fáànù ìta yóò fẹ́ ooru náà dànù, yóò sì padà di omi. Yóò gba ojú páìpù tóóró kan kọjá, yóò sì padà sínú ilé láti tún gba ooru mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yípo.

Ẹ jẹ́ kí a di ọ̀rọ̀ kan mú níbí. Gáàsì yìí kì í jó bí epo, kì í sì í tán bí omi inú kẹ́tùlù. Bí páìpù kò bá jò, gáàsì tí ó wà nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí a rà á ni yóò wà níbẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò fi kú. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ kan bá ń wá lọ́dọọdún láti "fi gáàsì kún un", tí kò sì wá ibi tí ó ti ń jò, ó ń gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì ń tú gáàsì sínú afẹ́fẹ́ Ọlọ́hun.

2. Àwọn gáàsì àkọ́kọ́ àti ohun tí wọ́n bàjẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àmóníà àti àwọn gáàsì olóró mìíràn ni wọ́n ń lò nínú fìríìjì. Bí wọ́n bá jò lóru, wọ́n lè pa ènìyàn sójú oorun, ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1928, Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gáàsì tuntun kan tí kì í gbiná, tí kò sì ní oró. Èyí ni wọ́n wá ń pè ní R-12. Àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ̀ lé e, R-22 sì wà lára wọn, èyí tí ó di gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù káàkiri ayé. Gbogbo ènìyàn yọ̀ sí i, nítorí ó dà bí ohun tí kò ní àbùkù kankan.

Àbùkù rẹ̀ wà lókè, níbi tí ojú kò tó. Ọlọ́hun fi ìbòrí kan sí ojú sánmà, ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí 35 lókè orí wa. Gáàsì kan tí ń jẹ́ ósóònù ni ó pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ìtànṣán oòrùn tí ó burú dúró. Bí ìtànṣán yìí bá pọ̀ jù, ó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara, ó ń jẹ́ kí awọ funfun bo ẹyin ojú, ó sì ń pa irúgbìn lára. Ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé bí R-12 àti ẹbí rẹ̀ bá jò, wọ́n máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé ibi ìbòrí náà. Oòrùn yóò fọ́ wọn níbẹ̀, kílórínì inú wọn yóò sì jáde. Èèpá kílórínì kan ṣoṣo lè ba ọ̀kẹ́ àìmọye ósóònù jẹ́ kí ó tó kúrò lójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́. Àwọn iléeṣẹ́ tí ń ta gáàsì náà sọ pé àbá lásán ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Farman, Gardiner àti Shanklin, tí wọ́n ń wọn ojú sánmà ní Antarctica, ìpẹ̀kun gúúsù ayé tí yìnyín bò, fi hàn pé ìbòrí náà ti ń tín-ín-rín gidigidi níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ihò ti lu. Ní ọdún 1995, wọ́n fún Molina, Rowland àti Paul Crutzen ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

3. Àdéhùn Montreal, àti ọmọ Íjíbítì tí ó dúró tì í

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Montreal ní Kánádà, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn láti dín àwọn gáàsì wọ̀nyí kù. Inú ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú yóò dùn láti gbọ́ pé ẹni tí ó ṣe agbódegbà tí ó pọ̀ jù lọ fún àdéhùn náà ni Mostafa Tolba, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì, ẹni tí ó jẹ́ olórí àjọ tí ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1975 títí di 1992. Òun ni ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ìjọba kan sí òmíràn, tí ó ń pa ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, títí gbogbo wọn fi jókòó sídìí ìwé kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá rò pé ẹni tí èdè Lárúbáwá jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé òde òní, kí ó rántí ọkùnrin yìí.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọdún 1988, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1989. Ní ọdún 1990, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń dáwó sí láti ran àwọn tí kò ní lọ́wọ́. Ìdí ni pé àwọn olówó ni ó lo gáàsì náà jù, kò sì yẹ kí tálákà nìkan san gbèsè oúnjẹ tí kò jẹ. Láti inú àpò yìí ni wọ́n ti ń ran Nàìjíríà lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù níṣẹ́ àti láti pèsè irinṣẹ́. Ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó o wà ní Abuja, lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Àyíká. Àjọ NESREA náà ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2009, èyí tí ó wà fún ààbò ósóònù.

Ǹjẹ́ àdéhùn náà ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́. R-12 àti irú rẹ̀ kúrò lọ́jà ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ní ọdún 2010. Ìbòrí náà ti ń sàn. Àwọn onímọ̀ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 pé bí a kò bá yẹ àdéhùn, ní ibi tí ó pọ̀ jù lọ nínú ayé, yóò padà sí bí ó ti wà ní 1980 ní nǹkan bí ọdún 2040, ti Antarctica yóò sì padà ní nǹkan bí 2066. Kò pọ̀ kí gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan kí ó sì yọrí. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ó ku R-22. Ìpalára rẹ̀ sí ìbòrí náà kéré sí ti R-12, nítorí náà ni wọ́n fi fún un láyè díẹ̀ sí i. Fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà, ìṣirò náà nìyí: ní 2015, kí a dín in kù ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún; ní 2020, ìdá 35; ní 2025, ìdá 67 àti ààbọ̀; ní 2030, kí ó tán. Ìwọ̀nba kékeré ni yóò kù títí di 2040 fún àtúnṣe àwọn ẹ̀rọ àtijọ́.

4. Ìṣòro kejì: ooru ayé

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ihò ojú sánmà yàtọ̀, gbígbóná ayé yàtọ̀. Àkọ́kọ́ dà bí òrùlé tí ó lu, tí oòrùn burúkú ń gbà wọlé. Èkejì dà bí kúbùsù tí ó nípọn jù, tí a fi bo ẹni tí ó ń sùn: ooru ara rẹ̀ kò ríbi jáde.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kúrò nínú R-22, wọ́n ṣe gáàsì tí kò ní kílórínì rárá, kí ó má baà ba ìbòrí jẹ́. R-410A ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn fún ẹ̀rọ amúlétutù ilé. Lóòótọ́, kò ṣe ósóònù ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kúbùsù tí ó nípọn ni. Kìlógíráàmù kan rẹ̀ tí ó bá jò ń mú ayé gbóná bí kìlógíráàmù 2,088 èéfín káábọ́nì ṣe lè mú un gbóná ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti R-22 jẹ́ 1,810. Ti R-32 jẹ́ 675. Ti R-290 kò tó 5.

Kí òǹkà yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi epo bẹntiróòlù wọ̀n ọ́n. Lítà epo kan tí a bá jó nínú jẹnẹrétọ̀ ń tú bíi kìlógíráàmù 2.3 èéfín náà jáde. Ẹ̀rọ amúlétutù kan tí ó wọ́pọ̀ nínú yàrá lè ní bí kìlógíráàmù kan gáàsì nínú. Bí ó bá jẹ́ R-410A, tí oníṣẹ́ kan ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tú dànù ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dọ́gba pẹ̀lú kí ó jó bíi 900 lítà epo lójú kan. Bí ó bá jẹ́ R-32, ó dọ́gba pẹ̀lú bíi 290 lítà. Bí ó bá jẹ́ R-290, kò tó 3 lítà. A kò ní rí èéfín kankan, a kò ní gbọ́ òórùn, ìró "ṣííí" nìkan ni a ó gbọ́.

Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè tún fi péjọ sí Kigali, olú ìlú Rwanda, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Wọ́n fi àfikún sí àdéhùn Montreal, pé kí R-410A àti àwọn ẹbí rẹ̀ náà máa dín kù. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 2018, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Fún wa, ìwọ̀n tí a ń lò kò gbọdọ̀ gòkè mọ́ láti 2024. Yóò dín kù ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2029, ìdá 30 ní 2035, ìdá 50 ní 2040, àti ìdá 80 ní 2045. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé bí gbogbo ayé bá tẹ̀ lé e, ó lè yọ ayé kúrò nínú ìdajì dígírì ooru kan kí ọ̀rúndún yìí tó parí.

5. Àwọn gáàsì tí a ó bá pàdé lọ́jà

R-22: Gáàsì àtijọ́ ni. Ó ń ba ìbòrí jẹ́, ó sì ń mú ayé gbóná. Bí ọjà rẹ̀ bá ti ń dín kù, owó rẹ̀ yóò máa gòkè. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ R-22 tuntun lónìí, wàhálà ni ó rà fún ọdún márùn-ún sí i.

R-410A: Kò ba ìbòrí jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná ju R-22 pàápàá lọ. Agbára rẹ̀ nínú páìpù fi bí ìlọ́po kan ààbọ̀ ju ti R-22 lọ. Nítorí náà, kò ṣeé rọ sínú ẹ̀rọ R-22 láéláé, òróró inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wọn pàápàá kò bára mu.

R-32: Ìdajì R-410A ni R-32 láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ṣoṣo ni ó wà nínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò ba ìbòrí jẹ́, ooru rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ti R-410A, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ kan ń gbà sì kéré sí i. Láti ọdún 2012 tí iléeṣẹ́ Daikin ti bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Japan ni ó ti ń gbilẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó lè gbiná díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yá bíi ti gáàsì ìdáná.

R-290: Ọmọ ìyá gáàsì ìdáná ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Òun ni ó ṣàánú ayé jù lọ nínú gbogbo wọn. Ní Íńdíà, iléeṣẹ́ Godrej ti ń ta ẹ̀rọ amúlétutù tí ń lò ó láti 2012. Ṣùgbọ́n ó ń gbiná kíákíá. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún un láti iléeṣẹ́. Irú ẹbí rẹ̀ kan, R-600a, ti wà nínú ọ̀pọ̀ fìríìjì tuntun ní ilé ìdáná wa. Ẹ wo ẹ̀yìn fìríìjì yín, ẹ ó rí àmì iná níbẹ̀.

6. Ibi tí ewu wà

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka apá yìí fún ẹni tí kò mọ̀wé nínú ilé.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì ìdáná, tàbí R-290, sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún R-22. Àwọn kan ń ṣe é nítorí pé ó dín owó, ẹ̀rọ náà yóò sì tutù dáadáa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wáyà àti súwíìṣì ẹ̀rọ náà lè ta iná, wọn kò sì ṣe wọ́n láti wà nítòsí gáàsì tí ń gbiná. Bí ó bá jò lóru nínú yàrá tí a ti pa fèrèsé rẹ̀ dé, ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò ṣeé fẹnu sọ.

Èkejì, bí oníṣẹ́ bá fẹ́ dán páìpù wò bóyá ó ń jò, náítírójìn ni ó gbọ́dọ̀ lò. Ọ́síjìn àwọn wẹ́dà kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ láé, nítorí bí ó bá pàdé òróró kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ó lè bú gbàmù.

Ẹ̀kẹta, ayédèrú gáàsì wà. Ní ọdún 2011, àwọn kọ̀ntẹ́nà amútutù bú gbàmù ní Vietnam àti Brazil, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ayédèrú gáàsì tí a ti rọ sínú wọn nígbà àtúnṣe. Ẹni tí ó fi àmì rere lé gáàsì burúkú lórí láti fi tà, kì í ṣe òwò ni ó ń ṣe, màgòmágó ni, ẹ̀mí ènìyàn sì lè bá a lọ.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kí a kó àlòkù ẹ̀rọ amúlétutù, àlòkù fìríìjì àti àlòkù kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wọlé. Ghana náà ṣe òfin bẹ́ẹ̀ ní 2008. Síbẹ̀ wọ́n ń wọlé. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí òyìnbó ti kọ̀, tí gáàsì rẹ̀ ti di èèwọ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí ó sì ń jẹ iná púpọ̀, ni wọ́n ń kó tọ̀ wá wá. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2020 lórí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé nínú ẹ̀rọ amúlétutù 100 tí wọ́n tà, 35 ni ó jẹ́ ajẹnárun. Owó tí a rò pé a dín kù nígbà tí a rà á, a ó san án lọ́wọ́ oníná.

7. Àwọn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́

"Àáfà, ṣé kí n lọ ju ẹ̀rọ R-22 tí mo ní nù ni?" Rárá o. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀, jíjù nù náà sì jẹ́ ìnákúnàá. Ẹ máa lò ó títí yóò fi kú. Bí ó bá jò, ẹ jẹ́ kí wọ́n dí ibi tí ó ti jò kí wọ́n tó fi gáàsì sí i. Nígbà tí ó bá kú, ẹ pe oníṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ tí ó fi lè fa gáàsì rẹ̀ sínú sílíńdà, kí ó má tú u dànù.

"Kí ló kàn wá? Ṣebí àwọn òyìnbó ni ó ba ayé jẹ́, iná tí a ní gan-an kò tó." Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú. Nítorí òótọ́ inú rẹ̀ ni wọ́n fi dá àpò owó tí mo sọ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi fún wa ní ọdún púpọ̀ sí i ju tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ń jó kì í bèèrè ẹni tí ó dáná kí ó tó pọnmi. Àwọn àgbẹ̀ wa ń kígbe pé òjò kò dé lásìkò mọ́. Kì í ṣe London nìkan ni ooru náà wà.

"R-32 tí ẹ sọ pé ó lè gbiná, ṣé ó yẹ ní mọ́sálásí?" Ó yẹ, bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá gbé e kọ́. Kí ó gbiná, ó gbọ́dọ̀ jò púpọ̀ sí ojú kan tí kò ní atẹ́gùn, kí iná tí ó lágbára sì bá a níbẹ̀. Gbọ̀ngán mọ́sálásí tóbi, ó sì ní fèrèsé. Ìgbà àtúnṣe ni ewu pọ̀ jù: kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá, kí a sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀.

8. Ohun tí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí àti olórí ilé lè ṣe

(i) Kí a tó ra ẹ̀rọ, kí a kọ́kọ́ wo ilé náà. Ṣé síìlì wà lábẹ́ páànù? Ṣé igi wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé? Ṣé ilẹ̀kùn ń dé dáadáa? Mọ́sálásí tí ó ní síìlì àti fáànù lè rí i pé ẹ̀rọ méjì tó òun, níbi tí òun ti fẹ́ ra mẹ́rin.

(ii) Ẹ ka ìwé pélébé tí ó wà lára ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó. R-32 ni kí ẹ bèèrè, tàbí R-290 bí ẹ bá rí ojúlówó rẹ̀ pẹ̀lú oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n.

(iii) Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n kọ "inverter" sí. Kì í ṣe ti bátìrì tí a mọ̀ nílé. Èyí túmọ̀ sí pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ lè rọra ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé bá ti tutù, dípò kí ó máa kú, kí ó máa jí. Ó ń dín owó iná kù gan-an.

(iv) Ẹ fi sí dígírì 24 sí 26. Ẹni tí ó fi sí 16 kò mú kí yàrá tètè tutù, iná ni ó ń jẹ. Ẹ máa fọ àwọ̀n inú rẹ̀ lóṣooṣù, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀.

(v) Bí oníṣẹ́ bá dé, ẹ bi í léèrè nǹkan mẹ́ta: Ṣé o ní ẹ̀rọ fákúùmù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù? Ṣé o ní òṣùwọ̀n tí o fi ń wọn gáàsì, àbí ojú lásán ni o fi ń wò ó? Níbo ni o ń kó gáàsì àtijọ́ sí? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fún un níṣẹ́, kódà bí owó rẹ̀ bá ga díẹ̀.

9. Sí ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn wọ̀líyà. Iṣẹ́ fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù jẹ́ iṣẹ́ rere, ooru Ìlọrin kò sì ní jẹ́ kí ebi pa ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti yí padà. Ọ̀gá tí ó kọ́ iṣẹ́ lórí R-22 nìkan, tí kò sì kọ́ òmíràn kún un, ọdún díẹ̀ ni ó kù fún un. Ẹ wá ọ̀gá tí ó ti gba ẹ̀kọ́ lórí gáàsì tuntun. Ẹ kọ́ ìṣirò dáadáa, nítorí gíráàmù ni a fi ń wọn gáàsì, kì í ṣe ìfojúdíwọ̀n. Ẹ kọ́ láti ka ohun tí a kọ sára sílíńdà, nítorí ẹni tí kò lè kà á lè pa ara rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀.

Ẹ rántí pé kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ oníṣẹ́ lórí òrùlé. Bí ó bá tú gáàsì dànù, onílé kò ní mọ̀. Bí ó bá dí ibi tí ó jò, onílé kò ní mọ̀. Ọlọ́hun nìkan ni ó ń rí i. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí a kọ́ yín nípa amana ti wúlò: kì í ṣe lórí búrẹ́dì ìdánwò nìkan, lórí páìpù bàbà náà ni.

Afẹ́fẹ́ yìí kò ní ògiri. Èyí tí a tú sílẹ̀ ní Basin kò ní dúró ní Basin. Àwọn ọmọ wa ni yóò mí sínú ayé tí a bá fi sílẹ̀ fún wọn. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní, kí ó sì jẹ́ kí a lè lò ó. Àmín.